Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Àlàní

"Nígbà tí mo gbẹ́ kànga yìí," ni Àlàní wí, ó sì na ìka sí i bí ẹni ń na ìka sí ọmọ rẹ̀ tó gbapò kìíní nílé ìwé, "mo gbẹ́ ẹ dé ibi tí mo ti ń gbọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n ń jẹun nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ṣíbí, mo gbọ́ fọ́ọ̀kì. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó ní, 'Ọ̀gbẹ́ni Àlàní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra gbẹ́ ẹ, erùpẹ̀ yín ń já sínú tíì wa.'"

Fáníyì tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èdè wo ló fi sọ ọ́?"

"Yorùbá ni. Ṣé o rò pé wọn ò mọ ibi tí ayé ti ṣẹ̀ ni?"

Àwọn tó tò sídìí kànga rẹ́rìn-ín títí okùn fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi ọ̀fẹ́ nílé ẹni ẹlẹ́ni, bó bá fi ẹ̀rín díẹ̀ kún ọpẹ́, kò pọ̀ jù.

Agbẹ́kànga ni Àlàní Lágúnjú, afọ́nnu sì ni láti inú oyún. Ó ní òun bá ọkọ̀ Pijó sáré rí láti Lágere dé gétì yunifásítì, pé nígbà tí Pijó fi máa dé, òun ti wẹ̀, òun ti jẹun, òun sì ti sùn jí. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé òun, bí ọ̀kan bá so, ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé e wọlé, ẹnì kẹrin á máa pariwo "ẹ yà lọ́nà" níwájú wọn. Ṣùgbọ́n kànga yìí ló fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1996 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ omi àdúgbò Ìlàrè ní Ifẹ̀ ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá fi ẹnu ẹ̀rọ ṣe ilé, tó bímọ síbẹ̀, tó tún fẹ́ ìyàwó kejì. Kànga Àlàní nìkan ni kì í gbẹ. Láàárọ̀ tí àwọn èèyàn bá gbé korobá dé, tí wọ́n ní, "Bàbá olómi, ẹ ṣeun o," àyà rẹ̀ á wú débi pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ á já, á fò, á lọ ba adìyẹ ní Òkè-Ogbó.

Mojíre ìyàwó rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó fẹ́ ẹ, ló ń di omi náà sínú láílọ́ọ̀nù, tó ń kó o sí fíríìjì, tó sì ń gbé e lọ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Mayfair. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ máa se omi náà kó tó dì í, bí wọ́n ti ń ṣe nílé ìyá rẹ̀. Àlàní ló ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Omi inú àpáta lo fẹ́ sè? Bí o bá se omi yìí, o bú u nìyẹn. Á bínú, á sì padà sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó."

Mojíre rẹ́rìn-ín, ó sì pa iná.

Ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà láìmí. Àgbàrá gbé bàtà, ó gbé abọ́, ó gbé ajá Fáníyì lọ. Ajá náà padà dé ní ọjọ́ kẹta, ó sanra ju bó ṣe lọ lọ. Òjò náà kò tíì dá dáadáa tí ìgbẹ́ gbuuru fi mú Fìyìnfólúwa, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó yá yàrá nílé Àlàní. Ọjọ́ kejì rèé tó ti ìrìn-àjò dé. Láàárọ̀, ó gbé korobá omi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí oòrùn tó gorí igi, ó ti lọ nígbà mọ́kànlá.

"Fìyìn!" Àlàní ké láti orí bẹ́ńṣì. "Ṣé o ti fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níyàwó ni? Ó kéré tán, pe àwọn àna ẹ kí wọ́n wá jẹun!"

"Bàbá onílé, ẹ jọ̀ọ́..." Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò fún un láyè. Ó sáré padà.

Nígbà tó di ọ̀sán, kò lè sáré mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì gbé e jáde, ojú rẹ̀ ti wọnú bí ojú ẹni tó ti ṣàìsàn fọ́dún kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà á, ó ń ké. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kẹta, àìsàn náà mú ẹnì kan nílé Ọlábísí tó ń ta aṣọ òkìrìkà. Ó mú ẹni méjì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tó mú wọn. Ní Ìlàrè nígbà náà, a kì í pe àrùn yẹn lórúkọ. Onílé tó bá pè é, kó múra àtimáa sùn ní yàrá mẹ́jọ lóun nìkan, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti kó ẹrù jáde kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé. Nítorí náà, ohun tí gbogbo onílé ń sọ ni pé, "Inú ló ń run ún. Ẹ̀wà àná ni kò bá a lára mu." Bí ẹ̀wà bá lẹ́nu ni, ó ti kó gbogbo Ìlàrè lọ sí kóòtù lọ́sẹ̀ yẹn.

Àlàní náà sọ pé ẹ̀wà ni. Ó sọ ọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Fìyìnfólúwa lọ, ìdí rẹ̀ kò gba ìjókòó mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á lọ sẹ́yìnkùlé. Á dúró nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á wò yí ká bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga.

Mẹ́sàn-án.

Ohun tó wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, Àlàní rò pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé. Ṣáláńgá bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá yàrá, tí wọ́n ní àwọn kò lè lóṣòó sórí ihò, Àlàní kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sí apá kejì ilé. Ó yẹ kó gbẹ́ ihò tuntun fún un. Agbẹ́kànga ṣáà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ri páìpù mọ́lẹ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé inú ṣáláńgá àtijọ́ náà, ó fi pákó bo ẹnu rẹ̀, ó da erùpẹ̀ lé e, ó sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí etí rẹ̀ bí gbogbo ayé ti ń ṣe, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn irú ibẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ omi wá gbẹ, ó wá ibi tó máa gbẹ́ kànga sí. Ibi mẹ́ta ló dán wò, àpáta ló bá. Ibi kẹrin, ilẹ̀ rọ̀ bí ọṣẹ dúdú. Kò tíì gbẹ́ ẹ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga ara rẹ̀ tí omi fi tú sí i lẹ́sẹ̀. Ayọ̀ gbé e lọ, kò wẹ̀yìn wo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó tún ìṣísẹ̀ náà kà. Mẹ́sàn-án. Nígbà kẹta, ó rìn bí ìgbín tó ru ilé méjì, ó wá di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gidi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mẹ́sàn-án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Mojíre ti Mayfair dé pẹ̀lú omi tí kò tà tán nínú abọ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ó ti lọ débi pé kò lè dá dìde mọ́. Ó ń bì, ó ń yà. Ohun tó ń yà kì í ṣe ìgbẹ́ mọ́, omi lásán ni, funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

Ìyá Adéagbo, àbúrò bàbá Àlàní, ló kọ́kọ́ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá yìí ti lo ọgbọ̀n ọdún lóko kòkó lọ́dọ̀ Adéagbo ọmọ rẹ̀, kò tíì ju oṣù kan lọ tó padà sílé. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má fún un lómi o! Omi ló ń yà yìí, ẹ tún fẹ́ bu omi kún un? Gààrí gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fún un, kó fa omi inú rẹ̀ mu."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ni Mojíre wí. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Farada á, ọmọ mi. Bó bá gbẹ tán, á dúró."

Àlàní wo ìyàwó rẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bí ìka ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó sáré jáde, ó fo gọ́tà, ó fo táyà Fáníyì, ó fo Fáníyì fúnra rẹ̀, ó sì já sí ilé kejì níbi tí Bàrákàt nọ́ọ̀sì ń gbé.

"Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì, gbà mí!"

Bàrákàt ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń so bàtà. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó dé, ó fi ìka méjì fún awọ ikùn Mojíre pọ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ náà kò padà, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tí a ká. Ó wo ohun tó wà nínú báfù. Ó yíjú sí àwọn tó dúró yí ká.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má fún un lómi?"

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Ìyá Adéagbo. Ìyá Adéagbo wo òkè àjà.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Kì í ṣe inú ló máa pa á, òùngbẹ ni. Bí korobá bá ń jò, a kì í ní ká má bu omi sí i. Omi tó ń jáde yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ máa dá a padà kí takisí tó dé, kódà bó bá ń bì í. Ẹ gbé igo bíà ńlá kan wá, àti igo mínírà kan."

"Igo bíà?" ni Ìyá Adéagbo wí. "Nílé mùsùlùmí?"

Lójú ẹsẹ̀, igo bíà mẹ́rin yọ láti yàrá mẹ́rin. Gbogbo wọn ló ní òróró làwọn fi ń rà.

"Ẹyọ kan tó," ni Bàrákàt wí. "Omi igo bíà kan àti ti igo mínírà kan, ẹ dà wọ́n pọ̀ sínú abọ́. Ṣúgà, ṣíbí tíì mẹ́fà, ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó dọ́gba. Iyọ̀, ààbọ̀ ṣíbí péré. Ẹ má fi ọwọ́ bù ú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu. Ẹ tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ."

Wọ́n pò ó pọ̀. Ẹnì kan ti bu omi láti inú kànga, ó tutù, ó mọ́ lójú. Bàrákàt gbé ife náà sẹ́nu Mojíre. Ètè Mojíre kàn án.

Àlàní gbá ife náà. Ó fò, ó lu ògiri, ó dà sílẹ̀.

"Sè é," ni Àlàní wí. "Ẹ kọ́kọ́ sè é."

Fáníyì ló wí ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn. "Omi àpáta? Omi tí òyìnbó ń fi po tíì?"

"Mo ní kẹ́ ẹ sè é!"

Bàrákàt wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n bu omi gbígbóná inú fúláàsì tó wà nílé òun, kí wọ́n fi abọ́ méjì máa dà á lọ dà á bọ̀ kó lè tutù. Wọ́n po òmíràn. Ṣíbí kan, ṣíbí kan, ni wọ́n ń fi sí Mojíre lẹ́nu. Nígbà tó bì í, Bàrákàt dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Fáníyì ti bọ́ sí àárín títì, ó na apá méjèèjì, takisí kan sì dúró tíìrì.

Lọ́sibítù, wọ́n ri abẹ́rẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sí i lára. Igo méje ló gbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àlàní sọ lẹ́yìn náà pé àádọ́ta ni, pé ọkọ̀ tánkà ni wọ́n fi gbé e wá. Ṣùgbọ́n méje náà tó. Àlàní kò jókòó nínú gbogbo rẹ̀. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, títí ọkùnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ti ń bá yín rìn, ó ti rẹ ojú mi."

Nígbà tó di ìdájí, Mojíre tọ̀. Bàrákàt rí i, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó ti tọ̀. Ẹ dúpẹ́. Ara ti ń gba omi." Ó fa Àlàní sí kọ̀rọ̀. "Bàbá onílé, kí ló wà nínú omi yín?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Àlàní. Ṣáláńgá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí a ti fi irọ́ tọ́ dàgbà, bó bá fẹ́ gbé òtítọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yẹ̀.

"Òjòlá," ni Àlàní wí.

"Kí lẹ wí?"

"Òjòlá ló kó sínú kànga. Ó gùn tó... ó gùn ju títì Mayfair lọ. Mo rí i lójú ara mi."

"Òjòlá kì í fa onígbáméjì." Ó sọ orúkọ náà bẹ́ẹ̀, gbangba, bí ẹni dárúkọ ọjọ́ ọjà. Ọrùn Àlàní sún wọnú èjìká. "Ìgbẹ́ ẹni tó ní àrùn yìí ló ń wọ inú omi tàbí oúnjẹ, tí ẹlòmíràn sì ń jẹ ẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni mẹ́fà ló ti dé láti òpópónà yín, bàbá arúgbó kan nínú wọn kò jí mọ́. Mo máa lọ sọ fún wolé-wolé láàárọ̀ yìí. Kó tó dé, kẹ́nikẹ́ni má mu omi yẹn."

Àlàní sáré délé. Àwọn èèyàn ti tò sídìí kànga.

"Ẹ má pọn ọ́n! Òjòlá wà nínú rẹ̀!"

Ẹ̀rín bú sáyé. "Òjòlá?" ni Fáníyì wí. "Àwọn òyìnbó ìsàlẹ̀ yẹn ò lè bá ẹ lé e ni? Àbí ó ti jẹ wọ́n tán?"

"Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Ìwọ náà lo fi Ọlọ́run búra lórí ọ̀rọ̀ Pijó."

Ọlábísí ju ìfami sínú kànga, ó ní bí òjòlá bá wà níbẹ̀, kó bá òun di okùn náà mú, apá ń dun òun. Àlàní bẹ̀ wọ́n, ó pariwo, ó dọ̀bálẹ̀. Bó ti ń bẹ̀bẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé rẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, kò sì sí ọ̀nà.

Ló bá gbé ìdérí kànga dé e, ó sì jókòó lé e.

Ọjọ́ méjì gbáko ni Àlàní fi jókòó lórí kànga. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò gba àga, ó wá di ìdérí. Ó jẹun níbẹ̀, ó tòògbé níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé korobá sún mọ́ ọn, á máa ta ìpá bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn aládùúgbò ní ahun ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ní ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde lọ tọ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kó tó padà, Ọlábísí ti fa omi kún ike, ó fẹ́ lọ fi po ògì fún ọmọ. Àlàní ta ike náà nípàá.

"Kò ní dáa fún ẹ!" Ọlábísí ń sunkún. "Ọmọ mi kò tíì jẹun láti àárọ̀! Kí ni mo ṣe fún ẹ? Kí ló wà nínú omi tó o fi ń ṣe báyìí?"

Àlàní padà jókòó lórí ìdérí, ó fi orí sáàárín eékún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ni wolé-wolé dé. Ọ̀ṣuntọ́lá lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó wọ kakí, tó ti ń wo inú ìkòkò omi olómi láti ìgbà tí àwọn ìyá ti máa ń fi ọmọ wọn pamọ́ bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀. Ó gbé ike kílóríìnì lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò tẹ̀lé e wọ ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí takisí fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí Bàrákàt sì di Mojíre lọ́wọ́ mú wọlé. Ó ti gbẹ bí ewé, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì fún un nídìí ògiri. Àlàní fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn, ó sì ń bẹ̀rù àtidìde lórí kànga.

"Wọ́n ní o rí òjòlá," ni Ọ̀ṣuntọ́lá wí.

"Mo rí i, ọ̀gá. Ó gùn—"

"Ojú ẹ kò jọ ojú ẹni tó rí ejò. Ó jọ ojú ẹni tí ejò rí. Dìde níbẹ̀. Níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà?"

Àlàní na ọwọ́ sí apá kejì ilé. Ọ̀ṣuntọ́lá fi ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ kà á láti ibẹ̀ dé kànga: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó mi orí. "Ó dáa. Ọgbọ̀n la ń fẹ́. Kò sí ṣáláńgá mìíràn nítòsí?"

"Rárá, ọ̀gá. Ilé yìí kò ní in rí. Oko ni bàbá mi máa ń lọ ní tiẹ̀."

Ọ̀ṣuntọ́lá da kílóríìnì sínú korobá omi, ó pò ó, ó sì dà á sínú kànga. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la, kí wọ́n máa se omi mímu títí ó fi máa hó yàà, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí wọ́n bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé àti kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n bo oúnjẹ kí eṣinṣin má bà lé e. "Lẹ́yìn ọ̀la, ẹ lè máa pọn ọ́n lọ."

Àlàní mí kanlẹ̀. Wolé-wolé ti gbé ike rẹ̀, ó ti kọjú sọ́nà. Ọlábísí ti gbé ike tirẹ̀ mọ́ra, ó ń dúró de ọ̀la. Ọ̀la, wọn á pọn ọ́n. Ọ̀túnla, kílóríìnì á ti tán, páìpù á sì tún máa da ohun tó ń dà sábẹ́ ilẹ̀. Àlàní mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀ ni ojú Ọ̀ṣuntọ́lá bá bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Háà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí dára o. Ta ló gbìn ín?"

Ká ní Àlàní gbé ẹnu dákẹ́ ni! Ṣùgbọ́n ìyìn ni wọ́n fi dán an wò. Ó ti là á kó tó mọ̀.

"Èmi ni, ọ̀gá! Irú rẹ̀ kò sí ní Ifẹ̀ títí dé Oǹdó. Bí ọ̀kan bá so, ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé e. Èmi ò fi ajílẹ̀ kankan sí i. Ọwọ́ mi ló dára!"

"Ọwọ́ ta?" Ìyá Adéagbo ti ń fara da ìfọ́nnu ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti oṣù kan, kò sì lè fara dà á mọ́, torí ilé kan náà ni wọ́n ti bí òun náà. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ níbí? Ṣáláńgá ẹ̀gbọ́n mi ló dára! Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè wà lórí ṣáláńgá yẹn kó má sanra? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò rí ṣáláńgá! Odindi agbo ilé la jọ ń lò ó fún ogún ọdún, kò kún. Àlejò ń ti Ẹdẹ wá wò ó. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ mi já sí i, a kò gbọ́ ìró rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀ṣuntọ́lá gbé ike kílóríìnì kalẹ̀. Ó gba irin kan lọ́wọ́ Fáníyì, ó lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì fi gún ilẹ̀. Irin kan pákó, gbì. Ó sún un díẹ̀, ó gún un, ó sì wọlé dé ibi tó dì í mú. Ó fà á jáde. Ó tutù, ó dúdú, gbogbo èèyàn sì fi ọwọ́ di imú.

"Èyí kò gbẹ rí," ni wolé-wolé wí jẹ́jẹ́. "Páìpù wà nínú rẹ̀."

Mojíre dìde lórí bẹ́ńṣì. Bàrákàt fẹ́ dì í mú, ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yíjú sí kànga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀, sókè, kí gbogbo ayé gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àlàní ń ka tirẹ̀ nínú, ètè rẹ̀ ń mì, torí ó mọ ibi tó máa parí sí.

"...eéje. Ẹẹ́jọ. Ẹẹ́sàn-án."

Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹnu kànga. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ní kí n má sè é," ni Mojíre wí. "Ẹ ní bí mo bá sè é, mo bú u."

Àlàní wá irọ́. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Òyìnbó kò dáhùn. Òjòlá kò yọjú. Ó rí Ọlábísí tó rọra gbé ike rẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń tú gèlè dì mọ́ ìbàdí. Ó rí Fáníyì tó mú irin rẹ̀ padà lọ́wọ́ wolé-wolé.

"Àlàní," ni Ọ̀ṣuntọ́lá wí, "sún mọ́ ibí."

Àlàní fo ògiri.

Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣẹ́ kù sórí ìdérí kànga. Gbogbo àdúgbò tú jáde tẹ̀lé e pẹ̀lú korobá, pẹ̀lú ọmọrogùn, pẹ̀lú èébú tí ẹnu kò lè sọ tán. Takisí tó gbé Mojíre wá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, Pijó ni. Fáníyì àti ọkùnrin mẹ́ta já sínú rẹ̀, dẹ́rẹ́bà tẹ iná mọ́ ọn, wọ́n lé Àlàní gba ìsàlẹ̀ Ìlàrè. Agbádá àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ fẹ́ sókè nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Pijó ń bú, ẹ̀fín ń yọ nídìí rẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀wù Àlàní sì ń kéré sí i níwájú, ó ń kéré sí i, ó tó bọ́tìnnì, ó tó kóró iyọ̀, ó sì pòórá.

Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì. Fáníyì yọ orí jáde ní fèrèsé, ó wo ọ̀nà tó ṣófo náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ wò ó o," ni Fáníyì wí, "ti Pijó yẹn, òótọ́ ni."